Orúkọ àwọn ihò gọ́ọ̀fù ní Tucker's Town: bí ilẹ̀ kan ṣe di pápá eré ní erékùṣù Bermuda

Ẹni tó bá fẹ́ lọ lo ìsinmi ní Bermuda, tó sì fẹ́ràn gọ́ọ̀fù, kò ní pẹ́ rí ìwé tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀. Wọn yóò to orúkọ àwọn pápá náà sílẹ̀: Mid Ocean, Tucker's Point, Port Royal, Belmont Hills, Ocean View. Wọn yóò sọ iye ihò tó wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sọ bí afẹ́fẹ́ òkun ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù lọ, wọn yóò sì sọ èyí tí àlejò lè wọ̀ fúnra rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ tàbí hòtẹ́ẹ̀lì ló gbọ́dọ̀ mú un wọlé. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni bí ilẹ̀ náà ṣe di pápá. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ka orúkọ tó wà lórí ọ̀kan nínú àwọn pápá wọ̀nyí bí a ṣe máa ń ka orúkọ ìlú: ta ló sọ ọ́, nígbà wo ló sọ ọ́, orúkọ ta ni kò sì sí níbẹ̀? Àwa tí à ń gbé ní ìlú tí àwọn kan ń pè ní Àjàṣẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní Hogbonu, tí ìwé ìjọba sì ń pè ní Porto-Novo, kò yẹ kí a nílò àlàyé púpọ̀ kí a tó gbà pé orúkọ ibi jẹ́ ẹ̀rí nínú ìtàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ara àwọn erékùṣù Karibéánì ni Bermuda. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkun Àtìláńtíìkì ti ìhà àríwá ló dá wà sí, ó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí etíkun North Carolina ní Amẹ́ríkà. Omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ń ṣàn kọjá nítòsí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Gulf Stream, ni kì í jẹ́ kí òtútù mú níbẹ̀ bó ṣe ń mú ní Amẹ́ríkà tó dojú kọ ọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ kéré púpọ̀: gbogbo rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà onígun-mẹ́rin 53 lọ. Kò sí odò kankan níbẹ̀. Omi òjò tí òrùlé funfun ilé kọ̀ọ̀kan bá gbà sínú kànga abẹ́ ilé ni wọ́n ń mu. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn. Níbi tí ilẹ̀ ti kéré tó báyìí, tí omi sì ṣọ̀wọ́n, pápá gọ́ọ̀fù kan ṣoṣo ń gba ohun tó tó abúlé odindi.

Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kí àwọn ará Yúróòpù tó dé. Orúkọ awakọ̀ òkun ará Sípéènì kan, Juan de Bermúdez, ni erékùṣù náà ń jẹ́. Ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Sea Venture fọ́ sí etí rẹ̀ ní 1609, nígbà tó sì di 1612, wọ́n kó àwọn ènìyàn wá láti tẹ̀ ẹ́ dó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn aláwọ̀ dúdú wá, tí oko ẹrú sì fìdí múlẹ̀. Tucker's Town gba orúkọ rẹ̀ lára Daniel Tucker, tó ṣe gómìnà láti 1616 sí 1619. Ó fẹ́ dá ìlú sílẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù náà. Orúkọ náà dúró, ṣùgbọ́n ìlú tó ní lọ́kàn kò di ìlú. Ìyẹn ni àkọ́kọ́ ohun tó yẹ kí a ṣàkíyèsí: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni orúkọ ibẹ̀ ti tóbi ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ.

Òmìnira dé fún àwọn ẹrú Bermuda ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1834. Lẹ́yìn ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀, Tucker's Town di ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ní ilẹ̀ tiwọn. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń gbin àlùbọ́sà àti àwọn ẹ̀fọ́ mìíràn, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ Methodist sì ní itẹ́ òkú tirẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pè é ní ìlú ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹrú tó ní ilẹ̀ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, tó lè fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ti kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní 1919, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Furness Withy ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀ láti New York lọ sí Bermuda. Ọkọ̀ tó ń gbé èrò kò wúlò bí èrò kò bá rí ohun tí wọ́n ń lọ ṣe. Ní oṣù Kìíní 1920, òfin tó ka ọtí léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Erékùṣù tí ọkọ̀ lè dé láti New York láàárín bí ọjọ́ méjì, tí oòrùn wà níbẹ̀ nígbà òtútù, tí òfin Gẹ̀ẹ́sì sì fàyè gba ọtí, di ohun tí olówó ń wá. Ohun kan ló kù, ìyẹn pápá gọ́ọ̀fù tó dára àti hòtẹ́ẹ̀lì ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú wọn bọ́ sí Tucker's Town: òkè kéékèèké, etí òkun, adágún omi, àti àwọn onílẹ̀ tí ohùn wọn kò dé ibi tí wọ́n ti ń ṣòfin.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Bermuda ṣe òfin ní 1920 tó fún Bermuda Development Company ní agbára láti ra ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà lè dúnàádúrà. Ẹni tó bá kọ̀, wọn yóò yan àwọn tí yóò díye lé ilẹ̀ rẹ̀, wọn yóò sì gbà á. Irú agbára yìí kò ṣàjèjì sí ìjọba. A mọ̀ pé ìjọba lè gba ilẹ̀ láti la títì tàbí láti kọ́ ilé ìwòsàn. Èyí tó yàtọ̀ níhìn-ín ni pé wọ́n gbé agbára náà lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, nítorí eré olówó. Àwọn tí wọ́n ní ohun-ìní tó tó iye kan nìkan ló ń dìbò nígbà náà, obìnrin kò sì tíì lè dìbò rárá. Ó di 1944 kí wọ́n tó ní ẹ̀tọ́ náà. Àwọn ará Tucker's Town kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ pé àwọn kò fẹ́ kúrò. Wọ́n ka ìwé náà, òfin sì dúró.

Kì í ṣe aláwọ̀ dúdú nìkan ló ní ilẹ̀ níbẹ̀, ó yẹ kí a sọ ìyẹn. Àwọn òyìnbó kan náà ta ilẹ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà, tí ilé wọn, ṣọ́ọ̀ṣì wọn àti òkú wọn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ gba owó, wọ́n kó ẹrù, wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ Devil's Hole àti agbègbè Smith's. Ìyá kan tó ń jẹ́ Dinna Smith kò lọ. Ó jókòó sínú ilé rẹ̀ títí di 1923, nígbà tí wọ́n fi agbára mú un jáde. Òun ni ìtàn máa ń pè ní ẹni ìkẹyìn tó kúrò ní Tucker's Town. Nígbà tí wọ́n ń mú un jáde, àwọn ènìyàn ti ń gbá gọ́ọ̀fù nítòsí rẹ̀. Ní 1921 ni pápá Mid Ocean ti ṣí.

Ẹni tó yàwòrán pápá náà ni Charles Blair Macdonald. Kánádà ni wọ́n bí i sí ní 1855, ó dàgbà ní Chicago, wọ́n sì rán an lọ kàwé ní St Andrews ní Scotland, níbi tó ti kọ́ gọ́ọ̀fù. Òun ló kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ òṣèré tí kì í gbowó ní Amẹ́ríkà, ní 1895. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kàn wá jù. Ó rí i pé àwọn ihò kan ní Yúróòpù dára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yẹ kí ènìyàn máa wá tuntun kiri. Kí ó wọn wọ́n, kí ó mọ ìdí tí wọ́n fi dára, kí ó sì tún wọn gbìn síbòmíràn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní National Golf Links ní Long Island, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bermuda. Kì í ṣe ìrísí nìkan ló gbé wá. Ó gbé orúkọ wọn wá pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n ya sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà 'ihò'. Nínú gọ́ọ̀fù, ihò kì í ṣe kòtò kékeré tí bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí nìkan. Ó tún jẹ́ gbogbo ilẹ̀ tó wà láti ibi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ títí dé kòtò náà, tó lè gùn ju 400 mítà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lò ó, bẹ́ẹ̀ ni Faransé ń lo ọ̀rọ̀ tiwọn, àwa náà kò sì rí ọ̀nà mìíràn gbà. Òpin ìrìn-àjò ló fún gbogbo ìrìn-àjò ní orúkọ. Pápá tó pé ní ihò 18, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ní orúkọ tirẹ̀, bí àdúgbò ṣe ń ní orúkọ nínú ìlú.

Ní Mid Ocean, ihò kẹta ń jẹ́ Eden. Ẹnu odò Eden, tó wà lẹ́bàá St Andrews, ni orúkọ náà ti wá. Àwọn tó rò pé ọgbà inú Bíbélì ni ti ṣìnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè dá wọn lẹ́bi bí mo bá wo bí etí òkun náà ṣe rí. Ihò kẹrìnlá ń jẹ́ Leven, ìlú kan ní Scotland. Ihò kẹtàlá ń jẹ́ Biarritz, ìlú etí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí ihò kan ti wà rí tí wọ́n ní láti gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí ọ̀gbun. Ihò ti Biarritz fúnra rẹ̀ ti parẹ́ tipẹ́. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Bermuda, àmì tí wọ́n sì fi ń mọ̀ wọ́n ni àfonífojì tó la àárín kóríko gígé tó yí ihò ká. Orúkọ ibì kan ti di orúkọ irú ohun kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí orúkọ àbísọ ṣe ń di ọ̀rọ̀ orúkọ lásán lè fi èyí kún àpẹẹrẹ wọn.

Èyí tó lágbára jù ni Redan, ihò kẹtàdínlógún. Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Àwọn ológun ló ń lò ó fún odi tó yọ ṣóńṣó síwájú bí eyín. Nínú ogun Crimea, odi kan ní Sevastopol tí àwọn Rọ́ṣíà ń gbèjà ń jẹ́ Redan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbìyànjú láti gbà á ní 1855, ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi orúkọ náà pe ihò kan ní North Berwick ní Scotland, nítorí ibi tí ihò náà wà ga, ó dagun sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kòtò iyanrìn jíjìn sì ń ṣọ́ iwájú rẹ̀. Láti ẹnu ológun Faransé dé Rọ́ṣíà, láti Rọ́ṣíà dé Scotland, láti Scotland dé Long Island, láti Long Island dé Tucker's Town. Bí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan bá rìn tó bẹ́ẹ̀, a retí pé kí ìtumọ̀ rẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Kò rẹ̀ ẹ́. Ohun tí a ń kọlù, tí ẹlòmíràn ń gbèjà, ló ṣì jẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé ní Tucker's Town àwọn tó ń gbèjà ibẹ̀ kò ní odi.

Àwọn ihò kan ní orúkọ tó bá ilẹ̀ náà mu. Cape, ihò karùn-ún, gba orúkọ lára bí ilẹ̀ ṣe yọ sínú omi: ẹni tó dúró lókè níbẹ̀ ni yóò pinnu ibi tí òun lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí adágún Mangrove Lake. Bó bá ṣe láyà tó ni ọ̀nà rẹ̀ yóò ṣe kúrú tó, bó bá sì ṣàṣejù, omi gba bọ́ọ̀lù. Adágún náà ti ní orúkọ tirẹ̀ kí Macdonald tó dé, bẹ́ẹ̀ náà ni Trott's Pond tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan. Omi ló pa orúkọ àtijọ́ mọ́. Ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé gan-an, ló gba orúkọ Scotland àti ti Faransé. Mo ti wo orúkọ gbogbo àwọn ihò tí mo dárúkọ lókè yìí, kò sí ọ̀kan tó rántí oko kan, tàbí ilé-ìwé, tàbí Dinna Smith.

Kóríko tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ pàápàá ní ìtàn orúkọ tirẹ̀. Káàkiri àgbáyé, níbi tí ooru bá wà, kóríko tí wọ́n sábà máa ń gbìn sí pápá gọ́ọ̀fù ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kóríko Bermuda. Kì í ṣe ọmọ Bermuda. Cynodon dactylon ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ìhà tiwa ní ayé ló ti wá, ó sì ń hù lẹ́bàá títì lọ́dọ̀ wa láìsí ẹni tó gbìn ín. Àwọn irú rẹ̀ tí wọ́n ń lò jù báyìí, bíi Tifway tó jáde ní 1960, jẹ́ àdàlù rẹ̀ pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan tó wá láti gúúsù Áfíríkà. Ìlú Tifton ní Georgia, níbi tí wọ́n ti dà wọ́n pọ̀, ló fún wọn ní 'Tif'. Kóríko wa ti gba orúkọ erékùṣù tí kò bí i. Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe ẹjọ́ tí a lè rò ní ilé-ẹjọ́ kankan. Mo kàn fẹ́ kí a rí i pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ewéko àti sí ilẹ̀: orúkọ ń tẹ̀lé ẹni tó tà á, kì í tẹ̀lé ibi tó ti wá.

Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá náà, Castle Harbour, ṣí ní 1931, ó sì ní pápá tirẹ̀. Pápá yìí ni wọ́n tún ṣe tó fi di èyí tí à ń pè ní Tucker's Point lónìí. Itẹ́ òkú àwọn Methodist wà láàárín kóríko rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1953, Churchill, Eisenhower àti Laniel, olórí ìjọba Faransé, pàdé ní ilé ẹgbẹ́ Mid Ocean láti jíròrò ọ̀rọ̀ ayé. Àwọn aláwọ̀ dúdú Bermuda kò lè jókòó jẹun nínú hòtẹ́ẹ̀lì ìlú wọn nígbà náà. Ó di ìgbà tí wọ́n kọ̀ láti wọ ilé sinimá ní 1959, tí ìlú sì gbóná, kí ìyàsọ́tọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí wó ní sinimá àti ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, wọ́n ti ń wọ ibẹ̀ láti gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù, láti se oúnjẹ, láti kọrin. Àwọn Talbot Brothers, ẹgbẹ́ olórin calypso tí ìdílé wọn ti Tucker's Town wá, di ìlú mọ̀ọ́ká nípa kíkọrin fún àlejò nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì erékùṣù náà.

Ẹnì kan lè bi mí pé: kí ni Bermuda ì bá jẹ? Ìbéèrè gidi ni. Àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà fún Amẹ́ríkà kò rí ọjà mọ́ nígbà tí Amẹ́ríkà gbé owó orí ọjà ilẹ̀ òkèèrè sókè ní 1930. Àlejò ló gbé erékùṣù náà ró fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, gọ́ọ̀fù sì wà lára ohun tó ń mú àlejò wá. Port Royal, tí Robert Trent Jones yàwòrán rẹ̀, tó ṣí ní 1970, jẹ́ ti ìjọba, ẹnikẹ́ni tó bá sanwó lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti wáyé lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà èmi kò sọ pé kí wọ́n má ní pápá. Ohun tí mo sọ ni pé owó tí wọ́n san fún ilẹ̀ kan kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ni ín gbà láti tà á, àti pé ìwé tó ń tọ́ àlejò sọ́nà, tó lè ṣàlàyé Redan ní ìlà márùn-ún, lè fi ìlà kan sọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kú. Ní 2011, nígbà tí ìjọba fẹ́ fún àwọn tó ni Tucker's Point ní àyè láti kọ́lé púpọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ará ìlú tako ó, ìtàn 1920 sì padà sẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ní 2019, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan dìde lórí ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn pàdánù láyé àtijọ́ ní Bermuda, ìgbìmọ̀ náà sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2021. Tucker's Town wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò.

Ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ náà pẹ̀lú etí onímọ̀ èdè yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ni gbogbo wọn ń lò, ibi méjì ni wọ́n sì ń tọ́ka sí. Lẹ́nu àwọn tó ń ta ilé, Tucker's Town ni àdúgbò tí ilé ibẹ̀ wọ́n jù lọ ní erékùṣù náà, níbi tí olówó Amẹ́ríkà ti ń kọ́lé sí etí òkun. Lẹ́nu ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n lé jáde, Tucker's Town ni abúlé kan tó ní ilé-ìwé, tó ní ọkọ̀ ìpẹja lébùúté, tí a kò lè rìn dé mọ́. Àwọn ará ìṣáájú ń sọ pé àwọn ń gbé ní Tucker's Town. Àwọn ìkejì ń sọ pé àwọn ti Tucker's Town wá.